Àwàdà Kì í Ṣe Aṣọ Àyáwọ̀

"Kai! Ìwọ ẹrú mi yìí, o ṣì wà láyé?"

Omi tí Táyọ̀ Akínbọ́lá ń mu gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí sí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bàbá Yérò ni, àgbàlagbà Fúlàní tó ni ilé tí Táyọ̀ àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Bolori, àdúgbò kan ní Maiduguri, ẹni tí lèmọ́mù pàápàá máa ń rọra jókòó tì. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ni Bàbá Módù, Kànúrí arúgbó tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Baga Road. Ó dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò ẹnu ọ̀nà, ó na ọ̀pá sí Bàbá Yérò bí ẹni ń lé màlúù tó fẹ́ yà wọ oko olóko.

Bàbá Yérò gbójú sókè láti orí ẹní. "Ta ni ẹrú? Ṣé ìwọ tí bàbá ńlá mi fi igbá wàrà kan ra bàbá ńlá rẹ, tí wọ́n tún fi ewúrẹ́ kan ṣe ènì fún un?"

Táyọ̀ ti fò dìde. Ní Iléṣà tí ó ti wá, ọ̀rọ̀ tí kò tó ìdajì èyí ti sọ ìpàdé ẹbí di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá rí. Ó ti ń rò ó bóyá orí ni òun máa fi gba ọ̀pá náà ni tàbí ẹ̀yìn. Kàkà kó gbọ́ "gbòlà!", ẹ̀rín ló gbọ́. Àwọn arúgbó méjèèjì ti dì mọ́ra wọn, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, omijé ẹ̀rín sì ń bọ́ lójú Bàbá Módù. Kò pẹ́, wọ́n ti ń pín obì gòrò jẹ lórí ẹní kan náà.

"Jókòó jàre," Mùtàlíbù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì Táyọ̀. "Eré ni wọ́n ń ṣe. Kànúrí àti Fúlàní, bí wọ́n ṣe máa ń ṣeré nìyẹn."

Òótọ́ ni Mùtàlíbù sọ. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, ìdajì òótọ́ sì dà bí ìdajì afárá: ó máa gbé ọ dé àárín odò, á sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mùtàlíbù yìí ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí Táyọ̀ bá pàdé ní Maiduguri. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Baga Road. Èdè Haúsá ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bó bá di Yorùbá, àfi bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Ní ọjọ́ tí Ìyáàfin Akínbọ́lá, ìyá Táyọ̀, kó dé, tí wọ́n gbé e wá síbí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, Mùtàlíbù rí i pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Ó gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e dé inú ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì là á sójú rẹ̀ pé, "Màmá, báwo ni? Ṣé o ti jẹun?"

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti jẹun, ọmọ mi. O ṣeun."

Ọ̀ràn Bàbá Yérò àti Táyọ̀ yàtọ̀. Ooru ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n dé ìlú náà nígbà tí ooru Maiduguri ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ibòji. Bí Táyọ̀ ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, bàbá náà ní, "Ina zafi?"

Mùtàlíbù túmọ̀ rẹ̀. "Ó ń bi ọ́ pé báwo ni ooru."

Inú Táyọ̀ dùn bí ẹni rí ará ilé rẹ̀ nínú ọjà àjèjì. "Ẹ kú ooru ló ń kí mi yẹn! Àwọn náà máa ń kí èèyàn kú ooru!"

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ilé ìwé dé, orí ẹní bàbá náà ló ń kọ́kọ́ yà sí. Ìkíni wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Bàbá á béèrè àárẹ̀ rẹ̀, á béèrè ìyá rẹ̀, á béèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀, á béèrè eyín tó ń dùn ún láàárọ̀, Táyọ̀ náà á sì máa fi èdè Haúsá tó dà bí àgbàdo sísun, kíún, kíún, dá a lóhùn. Ọmọ tó fi bàbá, ọ̀rẹ́ àti pápá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀ ní Iléṣà ti rí ibì kan tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ní ilé ìwé ńkọ́? Yẹ̀yẹ́ ni! Bó bá rí olùkọ́ láàárọ̀, á tẹ̀ ba, á ní "Ina kwana," ẹ káàárọ̀. Bó bá tún pàdé olùkọ́ kan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, á tún tẹ̀ ba. Lọ́jọ́ kan, ó sáré kí ọ̀gá àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kí i ní kíkí àárọ̀ àti kíkí ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ina-Kwana nìyẹn.

"Ina-Kwana," Mùtàlíbù sọ fún un lójú àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wọn, "ìkíni rẹ ti pọ̀ jù. Ìwọ ń kíni bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí ó máa kíni. Àlejò ló máa ń kíni báyẹn. Ọmọ onílùú, eré ló ń bá èèyàn ṣe."

"Èmi náà lè ṣeré," Táyọ̀ wí.

"Ìwọ?" Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn. "Ìwọ tó o máa ń kí igi!"

"Mo ní mo lè ṣe é! Bàbá Yérò fúnra rẹ̀, mo lè bá a ṣeré bí Bàbá Módù ṣe ń bá a ṣe."

Ẹ ò rí i pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mùtàlíbù mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà gbọ́ pé Ina-Kwana lè dán irú rẹ̀ wò, ó sì ń wá ẹ̀rín. Ó ní, "Ṣe é ká rí ọ."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti kírun tán, ẹnu ọ̀nà Bàbá Yérò kún fún àlejò, àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tí ara wọn ń dán nínú agbádá funfun. Àwọn àna rẹ̀ láti Gombe ni wọ́n. Bí Táyọ̀ ti yọ ní ìkóríta, bàbá rí i, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó na ìka sí i, ó sọ nǹkan kan fún àwọn àlejò, gbogbo wọn sì yíjú sí ọ̀nà tí ọmọ náà gbà ń bọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin dúró lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń tì í ní ìgbọ̀nwọ́. Táyọ̀ wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó lè kíni bó ti ń kíni lójoojúmọ́, kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín di ọjọ́ Ajé. Ó lè... Ó gbé àyà síta. Ó na ọwọ́ bí ẹni na ọ̀pá. Ó sì pariwo lédè Haúsá pé, "Kai! Báwànà! O ṣì wà láyé?"

Báwànà. Ẹrú mi.

Ó dúró de ẹ̀rín.

Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà dáwọ́ jíjẹ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rọra gbé ife wàrà kúrò lẹ́nu. Bàbá Yérò kò jágbe. Kò dìde, kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ó wo Táyọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ló dá ẹ̀ṣẹ̀, ó wá sọ fún àwọn àna rẹ̀ wọ́ọ́rọ́ pé, "Oòrùn ti ń yí sí wa lára. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Ó kó ẹní. Ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì pa.

Táyọ̀ yíjú wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Àwọn akọni ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ; Mùtàlíbù ti kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Táyọ̀ dúró de bàbá lẹ́nu ọ̀nà. "Ina kwana, Bàbá?"

"Láfíà," ni bàbá wí, ó sì kọjá.

Láfíà lásán! Kò béèrè àárẹ̀, kò béèrè ìyá, kò béèrè eyín. Bàbá kò kọ ìkíni rẹ̀, nítorí ìkíni ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gùn tẹ́lẹ̀ bí ọ̀nà Kano ti wá kúrú bí ìrù ẹtu. Ì bá sàn fún Táyọ̀ ká ní wọ́n na òun.

Ó pinnu pé òun yóò bẹ̀bẹ̀, òun yóò sì bẹ̀bẹ̀ bí ọmọ Yorùbá gidi. Nírọ̀lẹ́, bí bàbá ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Táyọ̀ gbéra láti ẹ̀yìn igi dóńgóyárò, ó fi àyà gbálẹ̀ gbàlà níwájú rẹ̀, ó nà gbalaja, ó tẹ iwájú orí mọ́ yanrìn, ó ń ké pé, "Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o!"

"Subhánallahi!" Bàbá fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Bàtà rẹ̀ kan fò lọ sínú gọ́tà. "Dìde! Dìde kíá! Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún! Lánàá o sọ mí di ẹrú rẹ, lónìí o fẹ́ sọ mí di Ọlọ́run rẹ? Ṣé kò sí ibì kan láàárín méjèèjì tí mo lè dúró sí?"

Ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan wọlé. Táyọ̀ jókòó sórí yanrìn, yanrìn ní imú, yanrìn ní eyín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti bá a. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ìyáàfin Akínbọ́lá gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Táyọ̀, ta ni ọmọ tó wí fún mi pé 'Ṣé o ti jẹun'?"

"Mùtàlíbù ni, Màámi."

"Kí ló dé tí n kò bínú sí i?"

Táyọ̀ nu imú. "Torí pé kò mọ̀."

"Torí pé kò mọ̀, àti torí pé ó ti gba ẹrù lọ́wọ́ mi kó tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n mo rí ibi tí ọkàn rẹ̀ dúró sí. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tó ò ń pariwo yẹn, ta lo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn? Ṣé Bàbá ni?"

Táyọ̀ gbọn yanrìn kúrò ní orúnkún.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ìyá rẹ̀ wí. "Lọ bá ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, kó fi ojú rẹ̀ yá ọ. Dìde, kó o lọ bọ́ aṣọ yìí. O ti dà bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín."

Báyìí ni Táyọ̀ ṣe wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Baga Road lọ́jọ́ kejì, ta ló sì pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Módù? Mùtàlíbù ni. Òun náà kò rí oorun sùn.

"Wallahi, mi ò mọ̀ pé o máa ṣe é," ó wí. "Mo rò pé o máa tún kí i ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," Táyọ̀ wí.

Bàbá Módù jókòó láàárín àpò ẹja. Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di òpó mú. Lójijì, ẹ̀rín náà dá, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ.

"Ogun wo ni ìwọ àti Yérò jọ jà?"

"A ò ja ogun kankan, Bàbá."

"Àwọn bàbá wa jà. Àwọn tirẹ̀ pa tiwa, àwọn tiwa pa tirẹ̀. Nígbà tí ó rẹ gbogbo wọn, wọ́n ní kí ẹ̀rín máa jà dípò idà. Bí mo bá pè é lẹ́rú, ohun tí mò ń sọ ni pé, 'Wò ó, mo lè sọ èyí tó burú jù sí ọ, kò sì sí ẹ̀jẹ̀.' Nígbà tí ìyàwó mi kú, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sunkún. Mi ò jẹun. Òun nìkan ló wọlé, ó ní, 'Ẹrú mi, ta ló fún ọ láṣẹ láti gbààwẹ̀? Dìde, jẹun.' Mo dìde, mo sì jẹun." Ó fi etí agbádá nu ojú. "Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ńlá ni. O rò pé àpárá ni."

Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí wọ́n dé Bolori, Bàbá Módù kò kan ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀pá lù ú gbá, gbá, gbá.

"Yérò! Jáde síta! Mo gbọ́ pé ò ń bínú. Ta ló fún ọ láyè? Ẹrú a máa bínú láì gba àṣẹ olówó rẹ̀?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Yérò yọ, ó di ojú mọ́rí. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìwọ ni," ó wí. "Ta lo kó wá?"

Táyọ̀ jáde wá láti ẹ̀yìn Bàbá Módù. Kò nà gbalaja. Ó lóṣòó bí ó ti ń rí i tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣe, ó gbé ojú sílẹ̀, ó sì fi Haúsá rẹ̀ kíún, kíún náà sọ pé, "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ ṣe sùúrù."

"Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

Táyọ̀ gbọ́ bí Mùtàlíbù ṣe gbé itọ́ mì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ẹrù náà á pín sí méjì. "Ẹnu tó sọ ọ́, tèmi ni, Bàbá," ó wí. "Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín."

"Èmi ni mo tì í," Mùtàlíbù já lu ọ̀rọ̀ náà, ó sì lóṣòó tì í gbì, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

Bàbá Yérò wo àwọn ọmọ méjèèjì. "Ẹ mọ ohun tó dùn mí?" ó wí. "Kì í ṣe 'ẹrú'. Mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu oníkúmọ̀ yìí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, bí mo ti rí ọ ní ìkóríta, mo sọ fún àwọn àna mi pé, 'Ẹ wo ọmọ yẹn. Ọmọ Yorùbá ni. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa kí wa.'"

Táyọ̀ bo ojú. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọlé, ì bá tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, mi ò ní ṣeré mọ́ láyé mi."

"Ta ló ní kó o má ṣeré?" Ohùn bàbá yí padà. "Ilé tí kò sí eré, ibojì ni. Ohun tí mo ní ni pé kó o gba ẹnu ọ̀nà tìrẹ wọlé. Ti Módù, ogun ló ṣí i. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa níbí, ọmọ ọmọ náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ó lè fi bàbá àgbà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ṣé ìwọ ní bàbá àgbà?"

"Rárá, Bàbá. Àwọn méjèèjì ti kú."

"Ó dáa. Láti òní, o ti ní ọ̀kan. Dìde. Ṣeré, ká gbọ́."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Táyọ̀ ronú. Ó wo Bàbá Módù, ó wo Mùtàlíbù tó ń mi orí lemọ́lemọ́ pé kó má dán an wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bínú?"

"Ìyẹn máa dọ́wọ́ bó bá ṣe dùn sí."

"Bàbá... ògiri kan náà la jọ ń lò. Bí ẹ bá ti ń hanrun lóru, Màámi máa ń ní kí n lọ wò ó bóyá ràkúnmí ti wọ inú ilé."

Bàbá Yérò yanu. Mùtàlíbù ti ń wo ọ̀nà bóyá kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀.

"Ràkúnmí?" bàbá wí.

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, ó gun àyà, ó dé ọ̀fun, fìlà rẹ̀ sì ṣí bọ́ sílẹ̀. "Ràkúnmí! Módù, o gbọ́? Ó ní ràkúnmí!"

"Ọmọ yẹn purọ́," Bàbá Módù wí. "Ràkúnmí kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀."

Ìyáàfin Akínbọ́lá, tí ẹ̀rín pè jáde láti inú ilé, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Mùtàlíbù túmọ̀ rẹ̀ fún un, ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi ìborùn bo gbogbo orí, ó sì ń fi Yorùbá bẹ bàbá tí kò gbọ́ Yorùbá, bàbá náà sì ń fi Haúsá dá a lóhùn pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyàwó òun tó ti kú ti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyọ̀ ti wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń há sórí, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tí à ń gbé káàkiri bí ọjà ìpolówó. Ohun tó dára ní Iléṣà lè dẹ́rù bani ní Bolori, ohun tó jẹ́ ẹ̀rín lẹ́nu ọ̀rẹ́ lè jẹ́ ọfà lẹ́nu àlejò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ni mo dúró níwájú rẹ̀, kí ló jẹ́ sí mi, ta ni mo sì fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn? Ẹni tó bá bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó la ẹnu, bí èdè rẹ̀ tilẹ̀ wọ́, ọmọlúàbí ni níbikíbi tó bá dé. Bó bá sì ti ṣi ẹnu sọ, kó yára sọ pé òun ṣẹ̀, kó má sì wá ẹni tí yóò bá a ru ẹrù rẹ̀.